Àfẹ́ẹ̀rí Ọjọ́ Jímọ̀

Mi ò fẹ́ràn kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n bí i mọ́ mi ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ẹ̀gbọ́n mi bá jẹ mí nínú ayò, màá da ọmọ ayò sílẹ̀, màá sì bínú sùn láì fẹnu kan oúnjẹ. Ìyá mi á ní, "Inú fùfù tó o ní yìí, bó pẹ́ bó yá, á rán ọ níṣẹ́ tó ò ní lè jẹ́ tán." Mo máa ń rò pé wọ́n kàn ń bú mi ni.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Agbowó, lódìkejì ọ̀nà sí géètì yunifásítì, nígbà tó ku bí ọdún méjì kí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun wọlé. Ṣọ́ọ̀bù gígùn kan ni, tí ọ̀gá wa fi kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé pín sí méjì. Ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì àti àga àwọn oníbàárà wà níwájú, kọ̀ǹpútà mẹ́rin wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá. Wọ́n á kó ìwé àṣekágbá wọn wá, ìkọ̀wé játijàti, wọ́n á tún dúró lé mi lórí pé kí n yára. Mo yára. Kò sẹ́ni tó ń yára tẹ̀wé tó mi láti Agbowó títí dé Òjòó, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá bi mí àti ẹni tí kò bi mí. Àṣírí rẹ̀ ni pé mi kì í gbọ́ ohun tí mò ń tẹ̀. Ọ̀rọ̀ á wọlé, á gba ìka mi jáde, ọkàn mi á sì wà níbi tó bá wù ú.

Ọ̀gá wa kì í fi kírun Jímọ̀ ṣeré. Bó bá ti ń lọ sí agogo kan ọ̀sán, á ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé, á wọ jalabíà funfun, á sì gba mọ́ṣáláṣí lọ. Láti ibẹ̀ á yà kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jà Bódìjà. Kì í padà kó tó di agogo mẹ́ta. Wákàtí méjì yẹn, tiwa ni.

Gémù ni a máa ń ta. Onítúnṣe kọ̀ǹpútà wa, ọkùnrin kan tó ń gbé ní Challenge, ló kó o sínú ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Íńtánẹ́ẹ̀tì ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa; wáyà kan tí a fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ ògiri ló so àwọn kọ̀ǹpútà náà pọ̀, ìyẹn náà sì tó wa. Ilé ńlá kan ló wà nínú gémù yìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn irin, kòrò dúdú. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ṣùgbọ́n inú ilé kan náà ni gbogbo wa wà, a ó máa wá ara wa kiri. Bó o bá rí ẹnìkejì rẹ, wàá yìnbọn fún un kó tó yìn ẹ́. Àwa mẹ́rin la máa ń ta á: èmi, obìnrin tí àwa méjèèjì jọ ń tẹ̀wé, ọkùnrin tó ń ṣe fọ́tókọ́pì, àti akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan tó sọ ṣọ́ọ̀bù wa di ilé bàbá rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ òfin yìí, ìyà gidi ló fi ń jẹ mí. Bí mo bá gba ọ̀tún, ó ti wà níbẹ̀. Bí mo bá sá sí kòrò, mi ò ní tíì mí tán tí ojú kọ̀ǹpútà mi á fi pọ́n. Á wá kígbe, "Àǹtí tàípìsì, you don die again!" Àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín títí omi á fi máa bọ́ lójú wọn. Ṣíọ̀! Ní Jímọ̀ kan ó pa mí ní ìgbà mọ́kànlá, mo sì délé, mo bínú sùn láì jẹun.

Mo rojọ́ fún onítúnṣe kọ̀ǹpútà nígbà tó wá fọ eruku ara ẹ̀rọ. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó fa dísíkẹ́ẹ̀tì dúdú kan yọ nínú àpò rẹ̀. Kò sí àkọlé kankan lára rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ gba àfẹ́ẹ̀rí," ló wí.

"Àfẹ́ẹ̀rí kẹ̀?"

"Bí ẹ bá ti tì í bọnú kọ̀ǹpútà yín lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọlé nìyẹn. Ẹ ò ní rí i. Ọ̀gá yín náà ò ní rí i. Bí ẹ bá wà nínú gémù, ẹ kàn tẹ kọ́kọ́rọ́ kékeré tó wà lápá òsì nọ́ńbà kìíní yìí. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa pòórá mọ́ wọn lójú. Wọ́n fún mi l'Ékòó ni."

Bí ẹnìkan bá gbé ọbẹ̀ wá fún mi, màá bèèrè ẹni tó sè é kí n tó tọ́ ọ wò. Mi ò bèèrè ẹni tó se èyí. Mo tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ mi. Iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tàn, inú ẹ̀rọ náà sì dún bí eku tó ń họ àpótí, fún ìgbà díẹ̀, ó wá dákẹ́. Kò sí ohun tó yí padà lójú kọ̀ǹpútà. Mo fi dísíkẹ́ẹ̀tì fún un padà, mo dúpẹ́.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, a fa kọ́tìnnì, a bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ kọ́kọ́rọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjá níwájú mi bí ẹni ń kọjá lára òpó iná. Mo yìnbọn fún un lẹ́yìn. Ó fò dìde lórí àga. "Ta nìyẹn? Níbo lo gbà?" Mo pa á lẹ́ẹ̀kejì, mo pa á lẹ́ẹ̀kẹta. Obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi ní, "Ó ti wọlẹ̀ o! Mi ò rí i mọ́." Ẹ̀rín ń pa mí, mo bu ètè jẹ kó má baà jáde. Mi ò tíì ní irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì ní purọ́ pé ó burú lẹ́nu mi.

Àfi ìgbà tí mo yíjú padà nínú ilé náà. Ẹnìkan dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, níbi tí mo wà nígbà tí mo tẹ kọ́kọ́rọ́. Aṣọ búlúù ló wọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ló ń wọ pupa, ẹlẹgbẹ́ mi ń wọ aláwọ̀ ewé, onífọ́tókọ́pì ń wọ funfun. Èmi ni mò ń wọ búlúù. Ó kọjú sí mi, kò mira, kò gbé ìbọn sókè. Mo bi àwọn yòókù bóyá wọ́n rí ẹnìkan níbẹ̀, wọ́n ní rárá. Mo bá yìnbọn fún un. Ẹ̀mí tèmi ló dín kù. Mo tún yìn ín, tèmi tún dín. Orí mi wú, ọ̀sán gangan sì ni o, oòrùn ń ta lórí páànù. Mo yáa fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí mo bá ti pòórá ni irú rẹ̀ kan ń dúró sí, nígbà tí ọ̀gá wa sì máa fi dé, ilé náà ti kún fún mi. Ìyẹn ò ní kí n jáwọ́. Mo ń borí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìyá àgbà kan tí a ń pè ní Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ọ̀gá àgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ará Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, ilé wọn sì wà ní Bódìjà. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, ó sì ti kú láti ọdún mẹ́ta. Ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, ọ̀dọ̀ Màmá ni ọmọ náà ń gbé. Bàbá ọmọ wà nílùú òyìnbó, ó ti fẹ́ ìyàwó míì, ó wá ní kí wọ́n fi ọmọ òun ránṣẹ́. Ìparí oṣù yẹn ló máa lọ. Màmá ní, "Mi ò lè bá a jà. Bàbá ló lọmọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó mú ìyá rẹ̀ dání lọ." Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni ìwé kan, lédè Yorùbá, tí wọ́n máa sọ gbogbo ìgbé ayé ìyá ọmọ náà sínú rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n bí i títí dé ohun tó sọ kẹ́yìn lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tó ní kí wọ́n sọ fún ọmọ òun. Bí ọmọ náà bá dàgbà, á fi ojú ara rẹ̀ kà á.

Láti ìgbà ìsìnkú yẹn ni ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, wọn ò lè di báírò mú dáadáa. Wọ́n bi mí bóyá àwọn lè wá ẹni tó máa bá àwọn kọ ọ́ sórí ìwé kí wọ́n tó gbé e wá. Èmi alára ni mo ní, "Màmá, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ máa sọ ọ́, èmi á máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kan." Ìgbéraga ni. Mo fẹ́ kí wọ́n rí bí ọwọ́ mi ṣe yá tó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé kò sí ẹ̀dà kankan níbikíbi, àfi inú kọ̀ǹpútà mi àti dísíkẹ́ẹ̀tì kan tí mò ń fi tọ́jú rẹ̀. Màmá náà tún ní àṣà tiwọn: wọn kì í fẹ́ rí iṣẹ́ ní ààbọ̀. Ọjọ́ tó bá parí ni kí n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Iṣẹ́ Yorùbá kì í sábà wọlé sí wa. Tẹ́lẹ̀, a máa ń tẹ̀ ẹ́ láì lámì ni, a ó wá fi báírò fi àmì sí i lọ́wọ́. Ọ̀gá wa ní ìyẹn ò bójú mu. Òun ló ní kí onítúnṣe bá wa ṣe kọ́kọ́rọ́ kan tí a lè fi máa fi àmì sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Ara kọ̀ǹpútà tèmi nìkan ló ṣe é sí. Kọ́kọ́rọ́ kékeré tó wà lápá òsì nọ́ńbà kìíní ló yàn, nítorí kò sẹ́ni tó ń lò ó fún ohunkóhun.

Ẹ̀yin ti rí i. Èmi ò rí i. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Jímọ̀, láti agogo mọ́kànlá, Màmá á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n á di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sórí itan kó má baà gbọ̀n, wọ́n á máa sọ ìtàn ọmọ wọn ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mò ń fi àmì sábẹ́ ọ, mò ń fi àmì sábẹ́ ẹ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà lójúmọ́ ni mò ń tẹ kọ́kọ́rọ́ yẹn.

Àwọn nǹkan kéékèèké ń ṣẹlẹ̀. Iná ẹnu ẹ̀rọ á ṣàdédé tàn nígbà tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Inú ẹ̀rọ á dún, eku yẹn á họ díẹ̀, á dákẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kejì, Màmá ní kí n ka ibi tí a parí sí fún àwọn. Mo ṣí i, mo kà á. "Nígbà tó wà ní kékeré, ó ní òun máa di..." Àlàfo ló wà níbẹ̀. Mo ti ń gbàgbé ohun tó kù.

"Nọ́ọ̀sì," ni Màmá wí. "Mo pè é fún ẹ."

"Ó wà níbẹ̀, mà," ni mo dáhùn wàràwàrà, tìbínú-tìbínú sì ni, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé mo fò ó. Mo tún un tẹ̀, mo sì fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ìlà tó gbẹ̀yìn nìkan ni mo máa ń wò, mi kì í wo òkè. Bí mo bá wo òkè lọ́jọ́ yẹn ni, ì bá sàn.

Jímọ̀ tó kẹ́yìn, epo wọ́n gógó, Màmá ò rí takisí wọ̀ bọ̀rọ̀. Agogo méjìlá kọjá dáadáa kí wọ́n tó dé. A ti dé orí ọ̀rọ̀ ọsibítù. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń gbọ́ tí ọ̀gá wa ń da omi àlùwàlá sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn akẹ́kọ̀ọ́ òfin níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń bi onífọ́tókọ́pì bóyá a ti ṣe tán. Ó ti búra fún mi pé lọ́jọ́ yẹn òun á mọ àṣírí mi. Ìka mi ń tẹ̀wé, ṣùgbọ́n èmi ti wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń ro ibi tí màá fara pamọ́ sí. Màmá sọ gbólóhùn kan. Wọ́n sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo wò wọ́n, wọ́n ti bọ́ awò ojú wọn, omi ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," ni mo wí.

"O ti kọ ọ́?"

"Mo ti kọ ọ́, mà."

"Tóò. Ohun tó bá mi sọ nìyẹn. Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún, mo sì ti gbé e sílẹ̀ báyìí. Ẹnu mi ò ní sọ ọ́ mọ́."

Mo ní kí Ọlọ́run tù wọ́n nínú. Mo sin wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, mo sáré padà, a fa kọ́tìnnì. Mo borí lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ọjọ́rú ni ọmọ máa wọ bàálù. Màmá wọ aṣọ tó dáa wá, wọ́n mú fáìlì aláwọ̀ pupa kan dání tí wọ́n máa kó o sí. Mo pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Ìwé àkọ́kọ́ jáde, mo mú un, mo rò pé yíǹkì ló tán. Mo wò ó dáadáa. Ohun tí mo tẹ̀ ni, "Ìyá rẹ ni ọmọ mi kan ṣoṣo. Ọjọ́ Àìkú ni mo bí i." Ohun tó wà lórí ìwé ni:

Ìyá __ ni ___ mi kan ____. ___ Àìkú ni mo bí i.

Àìkú ni mo bí i! Mo ka èyí tó tẹ̀ lé e, mo ka ìkẹta. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó lámì lábẹ́ ti lọ, ààyè wọn ṣófo. Baba wà níbẹ̀, ìyá wà níbẹ̀, ilé wà, ikú wà. Kò sí ọmọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìwé náà, mi ò rí ọmọ kan ṣoṣo. Mo ṣí dísíkẹ́ẹ̀tì, bákan náà ni.

Mo ní kí Màmá fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, mo sáré lọ fi tẹlifóònù ṣọ́ọ̀bù kejì pe onítúnṣe. Ó dé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, ó tẹ èyí, ó tẹ ìyẹn. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, kọ́kọ́rọ́ àmì yín àti kọ́kọ́rọ́ àfẹ́ẹ̀rí, ọ̀kan náà ni. Èmi ni mo yàn án, mo sì gbàgbé. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi àmì sábẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ̀ ń ní kó pòórá ni. Lójú yín á ṣì wà. Bí ẹ bá ti tọ́jú rẹ̀ tán, á lọ."

"Dá a padà," ni mo wí.

"Kò ṣeé dá padà. Ó tiẹ̀ ti wà nínú gbogbo dísíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti tì bọ ẹ̀rọ yìí. Mi ò mọ ohun míì tó ń ṣe níbi tó bá dé. Èmi náà gbà á ni, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí lọ́dọ̀ ọ̀gá."

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbé dísíkẹ́ẹ̀tì wá sọ́dọ̀ mi láti oṣù kan sáré kọjá lọ́kàn mi, ìwé àṣekágbá wọn lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ fi àga là á lórí. Ṣùgbọ́n ta ló tì í bọ̀ ọ́? Mo jáde lọ bá Màmá, mo sọ fún wọn pé vírọ́ọ̀sì ló wọnú kọ̀ǹpútà. Bí mo ṣe wí nìyẹn, bí ẹni pé atẹ́gùn ló fẹ́ ẹ wọlé. Wọ́n wo àwọn ìwé náà fún ìgbà pípẹ́. Mo ti ń retí pé kí wọ́n pariwo, kí wọ́n tiẹ̀ gbá mi létí.

Wọ́n ní, "Ṣé a ò lè fi báírò kún un?"

A jókòó ti tábìlì iwájú. Ojú ìwé mọ́kàndínlógún ni. Màmá ń sọ ọ̀rọ̀ tó sọnù, èmi ń kọ ọ́ sí ààyè rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò fún àlàfo pọ̀. Ààyè ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣẹ́ kù géérégé bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, a sì ń fi ìyẹn ṣọ́ ara wa. Níbi tó ti jí nǹkan nínú ìkòkò ọbẹ̀, mo ní ẹja ni. Màmá ní kí n wò ó, lẹ́tà mẹ́rin ni ààyè náà gbà, ẹran ló jí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ojú ọbẹ̀ ni wọ́n ti bá a, ọbẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Mo kọ ọmọ, mo kọ ọ́, mo kọ ọ́, títí ìka fi ń ro mí. Ọ̀gá wa gbé omi tútù wá fún Màmá, ó sì ní kí àwọn oníbàárà tó kù padà wá lọ́la.

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé ojú ìwé tó kẹ́yìn. Gbólóhùn ọsibítù yẹn ló dá dúró sí ìsàlẹ̀:

Màmi, _ bá mi __ fún ___ mi kí ó má __ __.

Mo kọ ẹ. Mo kọ sọ. Mo kọ ọmọ. Mo kọ ṣe. Ó ku ọ̀kan. Mo gbójú sókè, mo ń dúró de Màmá.

Wọ́n ti bọ́ awò ojú. Wọ́n kọjú sí títì. "Ìyẹn, o mọ̀ ọ́n," ni wọ́n wí. "Mo ti sọ ọ́ fún ẹ. Má jẹ̀ẹ́ kí n tún un sọ, ọmọ mi. Kọ ọ́ síbẹ̀."

Mo wá a. Ọlọ́run ń gbọ́, mo wá a. Mo di ojú, mo gbìyànjú láti padà sí Jímọ̀ yẹn, sídìí ẹ̀rọ yẹn, sí ohùn wọn. Omi àlùwàlá ni mo gbọ́. Ohùn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni mo gbọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúdú ni mo rí, àti èmi nínú aṣọ búlúù tí mo dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn. Ìka mi ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, etí mi ò gbọ́ ọ. Ohun tó yẹ kí n sọ kò ju pé, "Màmá, mi ò gbọ́ yín lọ́jọ́ yẹn." Ojú tì mí. Obìnrin tó gbé ọ̀rọ̀ òkú ọmọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ṣé kí n wá sọ fún un pé eré ni mò ń rò? Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, mo mọ̀. Mo dákẹ́ síbẹ̀.

Mo kọ bẹ̀rù. Kí ó má ṣe bẹ̀rù. Ohun tí èèyàn á sọ fún ọmọ rẹ̀ nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Lẹ́tà méjì ni ààyè náà gbà, lẹ́tà mẹ́rin ni bẹ̀rù. Mo fún un pọ̀, mo kọ ọ́ wínníwínní, ù gun orí àmì ìdánudúró. Màmá ò wò ó. Wọ́n kó ìwé náà sínú fáìlì pupa, wọ́n gbàdúrà fún mi pé mi ò ní fọmọ sunkún. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà lọ.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, Màmá ránṣẹ́ pè mí sílé wọn ní Bódìjà. Mo bá wọn lórí àga lábẹ́ ìlòrò. Wọn ò ní kí n jókòó. Wọ́n ní ọmọ náà ti pe àwọn lórí tẹlifóònù. Bàbá rẹ̀ ti ka ìwé náà fún un dé òpin, ó sì ti mọ gbólóhùn tó kẹ́yìn sórí, ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá rí. Ó ní ìyá òun ní kí òun má ṣe bẹ̀rù.

Orúnkún mi kanlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, gémù, àfẹ́ẹ̀rí, Jímọ̀ yẹn, bí mi ò ṣe gbọ́. Màmá ń wò mí, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n lórí itan, wọn ò dì í mọ́. Mo ní, "Màmá, mo bẹ̀ yín, kí ni ó sọ?"

Wọ́n ní, "Lọ."

Ohùn wọn ò le. Mo rò pé wọ́n lé mi ni, ó sì tọ́ sí mi. Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi, mo kí wọn pé ó dàbọ̀. Mo ti dé ìdí géètì, mo ti di irin rẹ̀ mú, kí n tó ka lẹ́tà méjèèjì sí ààyè tí mo fi bẹ̀rù dí.